Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Dé Ẹnu Iṣẹ́

 

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wa ti máa ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ilé ìwé wọn, ọmọkùnrin kan tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì wá bá mi. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kí ó tó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kọ́ńpìnnì méje ló ti kọ̀wé sí. Mẹ́ta nínú wọn pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sì sí èyí tó gbà á. Ó jókòó, ó ju fọ́ọ̀mù kẹjọ sórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló dá íńtáfíù yìí sílẹ̀ ná? Àbí wọ́n kàn fẹ́ máa fìyà jẹ èèyàn ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe òpìtàn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, nítorí ìtàn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí fún yín.

Láyé lẹ́tà àti ojúlùmọ̀

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Bí bàbá bá fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, tàbí bí ìyá bá fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ aṣọ rírán, wọn a mú ọmọ náà dání lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá a wo ọmọ, a wo ẹni tó mú un wá, a sì béèrè ìdílé tó ti jáde. Ẹnu bàbá àti ìyá ni ìwé ẹ̀rí. Ọmọ fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, tó sì dákẹ́, ó ti tó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i níwájú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ojúlùmọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ tèmi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1860, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní orúkọ Florence Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni, ó ní láti mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Bó bá wọlé tán, ìwé ńlá kan wà tí mátíróònù ń kọ nǹkan sí nípa rẹ̀ lóṣooṣù: ṣé ó ń tètè dé, ṣé ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, ṣé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ṣé ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ìwé tí a ń kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù títí dòní, ọmọ-ọmọ ìwé mátíróònù yẹn ni.

Ní ti àwọn yunifásítì, Oxford ló kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1892 láti máa bá àwọn tó jáde níbẹ̀ wá iṣẹ́. Cambridge dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1902. Iṣẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni láti mọ àwọn ọ̀gá iṣẹ́, kí ó sì mọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá a kọ lẹ́tà sí i pé òun ń wá irú èèyàn báyìí báyìí, akọ̀wé a sì dárúkọ ẹni tó bá yẹ. Ẹni tí wọn kò bá mọ̀ kò lè débẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kàn wá. Àwọn òyìnbó tí wọ́n rán wá ṣe àjẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Oǹdó àti káàkiri ilẹ̀ wa, báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n? Àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà ní ìdánwò tó le tí wọ́n gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ ní Áfíríkà kò ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Furse, tó wọ ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1910 tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1948, ló ń bójú tó yíyàn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yóò gba lẹ́tà àṣírí láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ wọn ní yunifásítì, yóò pè wọ́n wọlé, yóò bá wọn sọ̀rọ̀, yóò wo ìrísí wọn àti ìwà wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, ó parí. Ìyẹn ni pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n fi yan àwọn tó ṣe ìdájọ́ fún àwọn bàbá ńlá wa. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn bàbá ńlá wa tó wà nínú yàrá náà.

Láti Boston dé ojú ogun

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní ọdún 1906, Herman Schneider, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Cincinnati, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni ìwé kò lè kọ́ ọmọ láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́. Ó kó akẹ́kọ̀ọ́ 27 jọ, ó sì ṣètò kí wọ́n máa lo àkókò kan nínú kíláàsì, kí wọ́n máa lo òmíràn ní ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì máa gba owó iṣẹ́ wọn. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń lọ lónìí jọ ètò yìí. Ẹni tó bá mọ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì nílé yóò sọ pé a ti mọ èyí tipẹ́, òótọ́ sì ni. Ohun tuntun tí Schneider ṣe ni pé ó mú un wọ yunifásítì.

Ní ọdún 1908, Frank Parsons ṣí ọ́fíìsì kan ní Boston fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tí òbí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó kú ní ọdún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1909. Ohun mẹ́ta ló fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà: kí o mọ ara rẹ dáadáa, kí o mọ iṣẹ́ tí o ń wá dáadáa, kí o sì fi ọgbọ́n so méjèèjì pọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn tó dára ju èyí lọ lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló gbọ́n bíi Parsons. Ní ọdún 1921, Thomas Edison, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí gílóòbù iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ti yunifásítì wá bá a fún iṣẹ́ ní ìdánwò tó ní ìbéèrè tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ilẹ̀ wo ló yí Faransé ká? Ibo ni odò Volga wà? Àwọn ìbéèrè náà jáde nínú ìwé ìròyìn, ariwo sì ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ní yunifásítì ni kò yege. Albert Einstein wà ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Nígbà tí oníròyìn bi í ní ọ̀kan nínú irú àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bí ìró ṣe ń yára tó, ó dáhùn pé òun kò mọ̀ ọ́n lórí, nítorí ó wà nínú ìwé. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé ibi tí ẹ kò mọ ìdáhùn, ẹ rántí Einstein. Ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ó ti wá a.

Ogun Àgbáyé Kejì tún yí nǹkan padà. Ní ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ọ̀nà àtijọ́, tí wọ́n fi ń bi èèyàn ní ilé ìwé tó lọ àti iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, kò mú àwọn ọ̀gá ológun tó dára wá tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn jọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á fún wọn níṣẹ́ ṣe pa pọ̀, bíi kí wọ́n fi pákó àti okùn sọdá odò, láìyan olórí fún wọn. Àwọn tó ń wò á rí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹlòmíràn, ẹni tó ń pàṣẹ lásán, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìpariwo. Láti ọdún 1945, ìjọba gba irú ọ̀nà yìí fún yíyan àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn kọ́ńpìnnì kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá pe ọmọ yín fún odindi ọjọ́ kan, tí wọ́n fi òun àti àwọn márùn-ún mìíràn sídìí tábìlì kan pé kí wọ́n jọ yanjú ọ̀rọ̀, kí ẹ mọ̀ pé láti ojú ogun ni ètò náà ti wá.

Lẹ́yìn ogun, àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti yunifásítì dé yunifásítì lọ́dọọdún láti yan àwọn tó fẹ́ jáde. Bí ẹlẹ́miliki ṣe ń gbé mílíìkì kiri ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn láàárọ̀ ni wọ́n fi sọ ìrìn àjò náà lórúkọ. Ní ọdún 1964, ìjọba gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń wáṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Lord Heyworth ló ṣe olórí àwọn tó kọ ọ́, òun náà tó ti jẹ́ alága Unilever, kọ́ńpìnnì tó ni UAC nígbà náà, èyí tí gbogbo ará Èkó mọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Dípò kí wọ́n kàn máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá, wọ́n di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè lọ gba ìmọ̀ràn. Ọ́fíìsì yẹn wà ní yunifásítì ọmọ yín lónìí. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kì í mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ọdún ìkẹyìn.

Nílé ńkọ́?

Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe olórí rẹ̀ jókòó lórí bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe máa bọ́ sí ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba. Àwọn àgbà tó jáde ní Ìbàdàn nígbà òmìnira máa ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ló ń wá èèyàn nígbà náà, èèyàn kò wá iṣẹ́.

Nígbà tí yunifásítì pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba dá ITF sílẹ̀ ní ọdún 1971, ITF sì bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní ọdún 1973, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti irú wọn lè lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde. Ọdún 1973 yìí náà, ní oṣù Kárùn-ún, ni òfin NYSC jáde lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Gowon. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lẹ́tà IT kiri Ìkẹjà rí, láti ẹnu géètì dé ẹnu géètì, lábẹ́ oòrùn, tí mégáàdì ń sọ pé "wọn ò sí ní sítì," ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ètò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n nínú ilé iṣẹ́ ló máa ń tètè ríbi wọlé. Ojúlùmọ̀ tún ni.

Ìtàn àǹtí kan

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù, èyíinì iṣẹ́ àwa nọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 1946, obìnrin olùkọ́ kan láti Èkó, Kofoworola Abeni Pratt, wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas'. Ó yege, ó di nọ́ọ̀sì kíkún, ó ṣiṣẹ́ nínú NHS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1948, ó sì padà sílé. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátíróònù ní UCH Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀. Àwòrán rẹ̀ ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó wọkọ̀ wá sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ọ̀kan nínú wọn ni àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ wa yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n sì ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Ọdún 1964 ni wọ́n dé, ọmọ ọdún 19, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí girama tó dára nínú báàgì wọn. Ilé ìwòsàn kan ní àríwá Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mátíróònù béèrè bóyá ara wọn le, bóyá wọ́n lè fara da òtútù, bóyá wọ́n mọ ilẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé síwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà. Inú wọn dùn pé kò pẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọn kò béèrè ohunkóhun, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílé nìyẹn: ọmọ kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé oríṣi nọ́ọ̀sì méjì ló wà nígbà náà. Àwọn tó kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta ni State Registered Nurse, SRN, èyí tí òfin ọdún 1919 ti fi ìdí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ fún ọdún méjì wà nínú ìwé mìíràn tí òfin ọdún 1943 dá sílẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní State Enrolled Nurse, SEN, láti ọdún 1961. SEN ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n kò lè di sístà wọ́ọ̀dù. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ti wá, wọn kò sì ka ìwé náà sí ti nọ́ọ̀sì kíkún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà àti ọmọ erékùṣù Karíbíà tí ìwé wọn tó fún SRN ni wọ́n darí sí SEN. Ìtàn yìí ti di mímọ̀ dáadáa báyìí.

Àǹtí kò mọ̀ títí wọ́n fi padà sí Ìbàdàn ní ọdún 1971. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí wọn fún ọ́fíìsì tó ń gba nọ́ọ̀sì. Ẹni tó gbà á yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Mà, èyí kọ́ là ń wá." Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán létí àwọn títí dòní. Wọ́n padà wá sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún di akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ọmọ méjì, wọ́n sì gba SRN. Ọdún púpọ̀ ló ti bá a lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá ti gbà wọ́n: "Níbo ni ìwé yìí máa gbé mi dé?" Abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn àgbà wa ló pa òwe yìí, àwọn náà ló sì kọ́ wa pé kí a má béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá.

N kò sọ pé ẹ̀bi àǹtí ni. Nígbà tí wọ́n dé, kò sí òfin kankan ní Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí ọ̀gá iṣẹ́ má fi àwọ̀ yan èèyàn. Òfin ọdún 1965 kò kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ti ọdún 1968 ló kọ́kọ́ kàn án. Ti ọdún 1976 tún fi kún un pé ìlànà tó dà bíi pé ó bá gbogbo ènìyàn dọ́gba, ṣùgbọ́n tó ń ti àwọn kan síta láìnídìí, lòdì sófin. Ní ọdún 2010, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú òfin kan. Torí àwọn òfin wọ̀nyí ló ṣe jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lónìí, àwọn ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà, tí wọ́n sì ń fi máàkì sí ìdáhùn. Ìwé tó tẹ́ síwájú wọn yẹn, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ọmọ wa, àwọn bíi àǹtí ló jìyà kí ó tó wà.

Èmi náà

Ní ti èmi, Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo ti kọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn ọdún 2000. Ní ọdún ìkẹyìn mi, mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní wọ́ọ̀dù tí mo ti kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Wọ́n ní kí n sọ ìgbà kan tí mo ṣe nǹkan láti gba aláìsàn lọ́wọ́ ewu. Mo wolẹ̀, mo ní, "A ṣàkíyèsí pé èémí aláìsàn náà ń yára jù, a pe dókítà." Èmi ni mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Èmi ni mo sáré pe dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ni pé ọmọlúàbí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, kì í sì í tẹjú mọ́ àgbà.

Wọn kò gbà mí. Sístà kan tó wà níbẹ̀ pè mí lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò lè fi máàkì sí ohun tí o kò sọ." Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ló yé mi. Nílé, bàbá tàbí ìyá tó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ló ń bá a sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí ọmọ fi lè dákẹ́. Níbí, kò sí ẹni tó bá ọ wọlé. Bí o bá dákẹ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Láti sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni kì í ṣe ìgbéraga, ìjẹ́rìí ni.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn fi lé wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí mo rí kó nínú ìtàn yìí nìyí.

Ẹ ní ìwé mátíróònù tiyín. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń kọ́ṣẹ́, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀ lóṣooṣù: ìṣòro tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe, àti ohun tó yọrí sí. Nígbà tí wọ́n bá bi yín, ẹ kò ní máa wá ìtàn kiri.

Ẹ ṣe bí Parsons ti wí. Ìwé tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ máa ń to ohun tí wọ́n ń wá lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kọ ìtàn tiyín kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá sí ìtàn, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ kọ́ nǹkan.

Bí wọ́n bá kó yín jọ pọ̀, ẹ má jagun láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ má sì jókòó bí àlejò. Ẹ pe ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ pé kí ó dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa ṣètò ayẹyẹ ẹgbẹ́ rí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì iṣẹ́ ní yunifásítì yín láti ọdún kìíní. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ àwọn ọlọ́lá ní ọdún 1892 ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Lónìí tí àwọn kọ́ńpìnnì kan ń ní kí ẹ dá sọ̀rọ̀ síwájú kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn àti àwòrán yín sílẹ̀, láìsí ènìyàn kankan níbẹ̀, ẹ fi fóònù yín dánra wò nílé ná.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè. Ta ni yóò máa tọ́ mi sọ́nà? Kí ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ń ṣe báyìí? Níbo ni ìwé yìí máa gbé mi dé?

Ẹ̀yin òbí, apá tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún yín lórí oúnjẹ alẹ́ láìjẹ́ pé ẹ pè é ní aláfojúdi. Kí ó máa kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, kí ó sì tún lè wo ojú yín sọ ohun tó ṣe lónìí. Méjèèjì kò bá ara wọn jà.

Ọmọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí padà wá ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta lẹ́yìn náà. A to tábìlì, àwa mẹ́ta jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀gá iṣẹ́. Àǹtí wa tí mo sọ ìtàn wọn ló jókòó láàárín, pẹ̀lú gèlè wọn àti awò ojú wọn. Ní ọjọ́ kìíní, ọmọ náà ń wolẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ "mo ṣe é" lẹ́ẹ̀mẹ́fà, a kà á. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí gbogbo ìbéèrè tán, àǹtí yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ó dára. Kí ni ìwọ fẹ́ bi wá?" Ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Àǹtí kò dá a lóhùn. Wọ́n kàn ń mi orí, omi sì lé sójú wọn.

Kọ́ńpìnnì kẹsàn-án gbà á.

A wà nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a sì ní àga tó pọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá, ẹ̀yin tí ẹ sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá bá wa jókòó sẹ́yìn tábìlì. Kí Elédùmarè ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ rere fún àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún wọn ní ẹnu láti bèèrè. Àṣẹ.